Igun tí ó Péye: Ìtàn Ìmọ̀ Kápíńtà láti Pópó Àgùdà dé Ìtamaga

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìkòròdú lọ sí Itoikin àti Ẹ̀pẹ́ yóò kọ́kọ́ kan Ìtamaga, níbi tí ọ̀nà Ìjẹdè ti yà kúrò lára ọ̀nà ńlá. Kì í pẹ́ kí etí àlejò tó gbọ́ ìró ayùn oníná níbẹ̀, nítorí pé ilé ń pọ̀ sí i ní agbègbè náà lójoojúmọ́, ilé kì í sì í wà láìsí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà yìí ni ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé férémù àwòrán kan lọ sí ọ̀dọ̀ àgbà kápíńtà kan pé kí ó bá mi tún un ṣe. Ibòmíràn ni wọ́n ti kàn án fún mi. Igun mẹ́ta nínú rẹ̀ pa dé dáadáa, ṣùgbọ́n igun kẹrin yanu. Ẹni tí ó kàn án ti po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ gọ́ọ̀mù, ó fi dí àlàfo náà, ó sì fi fáńíìṣì bò ó. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ohun tí ó fi dí i gbẹ, ó sì jábọ́. Mo sọ fún bàbá náà pé igun kan ni ó bàjẹ́. Ó gba férémù náà lọ́wọ́ mi, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀mọ̀wé, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó bàjẹ́. Ọ̀kan yìí ni ó jẹ́wọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dà bí àwàdà létí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo sì fi ìṣirò wò ó, mo rí i pé òtítọ́ pọ́ńbélé ni bàbá náà sọ. Férémù onígun mẹ́rin ní ojú gígé mẹ́jọ, nítorí pé igi mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, a sì gé orí méjèèjì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ojú gígé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ díígírì 45, kí méjì lè para pọ̀ di 90. Bí ayùn bá fi ìdajì díígírì péré yẹ̀ ní ojú gígé kọ̀ọ̀kan, igun kọ̀ọ̀kan yóò di 89 dípò 90, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì di 356 dípò 360. Díígírì mẹ́rin ti sọnù. Kápíńtà lè fi ipá fún igun mẹ́ta pọ̀ kí wọ́n pa dé, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọnù kò ní ibòmíràn láti sá sí ju igun tí a kàn gbẹ̀yìn lọ. Bí igi náà bá fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́ta, àlàfo tí yóò hàn níbẹ̀ yóò tó nǹkan bí mìlímítà méje àbọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré mẹ́jọ ni ó kó ara wọn jọ sí ojú kan.

Níbo ni àgbà yìí, tí kò fi ìwé kọ́ iṣẹ́, ti rí ìmọ̀ tí ó péye tó bẹ́ẹ̀? Báwo ni ìmọ̀ náà ṣe dé Ìtamaga? Kí ni ó sì ń mú un dúró kí ó má baà yẹ̀? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ dáhùn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà àti ọ̀rọ̀ igun

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn baba wa kò mọ ìwọ̀n igun kí òyìnbó tó dé. Àwọn mìíràn, nítorí ìfẹ́ ilẹ̀ baba wọn, a máa dáhùn pé kò sí ohun kan nínú iṣẹ́ igi tí a kò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní èrò tèmi, ìhà méjèèjì ni ó ṣìnà, nítorí pé wọn kò kọ́kọ́ bèèrè irú iṣẹ́ tí gbẹ́nàgbẹ́nà ń ṣe.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ Yorùbá a máa yọ nǹkan jáde láti inú igi. Ìtì igi kan ni yóò gbé kalẹ̀, yóò sì fi àáké àti ọ̀bẹ gbẹ́ èyí tí kò fẹ́ dànù títí ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀ yóò fi hàn. Bí a ṣe ń ṣe opó ààfin nìyẹn, bí a ṣe ń ṣe ọpọ́n Ifá nìyẹn, bí a sì ṣe ń ṣe ilẹ̀kùn nìyẹn. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ Èkìtì. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914 dára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Gẹ̀ẹ́sì ni ó bọ́ sí lẹ́yìn náà. Àwòrán inú ilẹ̀kùn náà kún fọ́fọ́, ènìyàn àti ẹṣin yọ jáde nínú igi bí ẹni pé wọn yóò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà iṣẹ́ náà kò béèrè pé kí a gé igi méjì ní 45 kí a sì fi orí kan orí. Ẹni tí ó ń gbẹ́ nǹkan láti inú odindi igi kò ní àlàfo láti pa dé.

Èyí kò fi hàn pé àwọn baba wa kò ní ojú fún igun. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn, kí òyìnbó kankan tó dé etíkun wa. A to àpáàdì wọ̀nyí ní ìbú, ìlà kan dà sí ọ̀tún, èkejì dà sí òsì, bí egungun ẹja. Ẹni tí kò bá lè mú ìdàsí kan náà dúró láti ìlà dé ìlà kò lè tẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe ń ká aṣọ láti pín in sí ojú mẹ́rin-mẹ́rin kí wọ́n tó ya àwòrán sí i. Aṣọ tí a ká sí méjì kò lè purọ́, nítorí pé etí kan ni yóò bá etí kejì wí. A óò padà sí ọ̀rọ̀ kíká yìí, nítorí ó ṣe pàtàkì.

Ohun tí kò sí nígbà náà ni iṣẹ́ tí igun inú rẹ̀ jẹ́ oríkèé, ìyẹn iṣẹ́ tí a fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kàn pọ̀: férémù, ilẹ̀kùn onípánẹ́ẹ̀lì, fèrèsé oníjígí, àpótí onídúróò. Ìrú iṣẹ́ yẹn gba ojú òkun wọlé tọ̀ wá, àwọn tí ó sì mú un wá pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ wa.

Ìmọ̀ tí a fi oko ẹrú rà

Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, dì ní Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì ní 1835, ìnira pọ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú ní ìlú náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti ra ara wọn padà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àtibọ̀ wá sílé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní Àgùẹ́, ní Wídà, ní Pọ́tònóofò àti ní Èkó. Àwọn tí ó dó sí Èkó ni a mọ̀ sí Àgùdà, agbègbè tí wọ́n tẹ̀dó sí ni a sì ń pè ní Pópó Àgùdà títí di òní.

Ó yẹ kí a rántí bí wọ́n ṣe kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n mú bọ̀. Ní àwọn ìlú ńlá Bùràsíìlì, olówó ẹrú a máa fi ẹrú rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, yóò sì rán an jáde pé kí ó lọ máa ṣiṣẹ́ gbowó kiri ìlú. Olówó ni ó ni èyí tí ó pọ̀ nínú owó náà, ẹrú ni ó ni ìyókù. Nínú ìyókù kékeré yìí ni àwọn mìíràn ti ṣa owó ìràpadà wọn jọ. Nítorí náà, igun tí ó péye kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán fún irú kápíńtà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí ó bá yanu kò ní rí ẹni san owó rẹ̀, owó tí kò bá sì wọlé, òmìnira sún síwájú nìyẹn. Ìmọ̀ tí a fi oko ẹrú rà ni ìmọ̀ yìí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú yẹpẹrẹ wò ó.

Ohun tí wọ́n fi ìmọ̀ náà ṣe ní Èkó hàn sí gbogbo ayé. Orúkọ Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre kò ṣe é yọ kúrò nínú ìtàn kíkọ́ ilé ìsìn Holy Cross àtijọ́, èyí tí a kọ́ kí a tó kọ́ kàtídírà tí ó wà níbẹ̀ lónìí. Balthazar dos Reis, ògbólógbòó kápíńtà, gba àmì ẹ̀yẹ onídẹ fún iṣẹ́ igi rẹ̀ níbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1886. João Baptista da Costa ni ó kọ́ mọ́sáláṣí tí Mohammed Shitta Bey fi owó ara rẹ̀ kọ́, tí a ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894. Sanusi Aka, tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, sì bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ kíyè sí bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe dàpọ̀. Àgùdà onígbàgbọ́ ni ó kọ́ ilé ìjọsìn fún Mùsùlùmí tí a bí ní ilẹ̀ Sàró, ọmọ ilẹ̀ yìí sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ó ń bá a ṣiṣẹ́. Igun kò mọ ẹ̀sìn.

Nínú gbogbo iṣẹ́ ilé Àgùdà, fèrèsé ni ó dán ọgbọ́n kápíńtà wò jù lọ. Lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn àti fèrèsé wọn ni a ti ń rí ojú tí ó tẹ̀ bí ìlàjì òṣùpá, tí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ pín bí ìtànṣán oòrùn, tí a sì fi jígí aláwọ̀ sí àárín wọn. Ìlàjì òṣùpá jẹ́ díígírì 180. Bí a bá fẹ́ pín in sí ọ̀nà mẹ́fà, ọgbọ̀n díígírì ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá gba 31, ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò jẹ gbèsè náà, jígí tí a ti gé sílẹ̀ kò sì ní wọlé. Igi ṣe é fi ipá fún pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n jígí kò gba ẹ̀bẹ̀.

Ó dùn mọ́ mi láti sọ níhìn-ín pé iye tí a fi ń wọn igun kò ṣe àjèjì sí ìṣirò wa. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ ni ó ń ka nǹkan ní ọgọ́ta-ọgọ́ta, láti inú ìṣirò wọn ni pípín àyíká róbótó sí 360 sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì àti gbogbo ayé. Ogún ni ìpìlẹ̀ ìṣirò tiwa, ọgọ́ta sì jẹ́ ogún mẹ́ta gééré. Ìdajì àyíká jẹ́ ọgọ́sàn-án, èyí tí í ṣe ogún mẹ́sàn-án, odindi rẹ̀ sì jẹ́ ogún méjìdínlógún, tí à ń pè ní ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún. Ọmọ tí ó bá mọ ònkà Yorùbá dáadáa kò nílò láti bẹ̀rù díígírì.

Ọ̀nà tí igi gbà lọ ni iṣẹ́ gbà padà

Láti Pópó Àgùdà dé ilẹ̀ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà ni ó wà láàárín. Ọ̀sà yìí ni ọ̀nà ńlá ayé àtijọ́. Láti Ìkòròdú, Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé ọjà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ lọ sí Èkó, tí ó sì ń gbé ọjà òkè òkun padà. Lẹ́yìn ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892, ọ̀nà ìṣòwò ṣí sílẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn oníṣòwò tí ó ti rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Èkó fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ sí ìlú wọn, wọ́n sì ń ránṣẹ́ pe kápíńtà. Bí àṣà ilé Àgùdà ṣe tàn dé Ìjẹ̀bú Òde, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti àwọn ìlú etí ọ̀sà nìyẹn. Àwọn Àgùdà fúnra wọn kò pọ̀ tó iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, àti ọmọ iṣẹ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, ni ó gbé e rìn.

Igi náà ń rin ojú ọ̀nà kan náà. Láti inú igbó ìhà ìlà-oòrùn ni a ti ń di ìtì igi pọ̀ bí ẹní, tí a sì ń tì í gba ojú ọ̀sà kọjá Ẹ̀pẹ́ títí dé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, níbi tí ilé ìlagi Oko Bàbá ti gbajúmọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìrókò, ọ̀mọ̀, ọ̀gànwó, afàrà àti arère ń lọ sí Èkó ní ìtì, ìmọ̀ bí a ti ń kàn wọ́n sì ń padà bọ̀ ní ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ tí ó ti gba fíríìdọ̀mù. Ní ọjọ́ tiwa yìí, Àgbówà, tí ó wà láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó yàn láti kó àwọn onílagi Oko Bàbá lọ. Ó dà bí ẹni pé igi ń padà sí ojú ọ̀nà tí ó gbà wá.

Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà, èyí tí kò ní pátákó ìkọ̀wé. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó ní 1896, a dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, kápíńtà sì wà lára àwọn tí a ń kọ́ níbẹ̀. Níbẹ̀ àti ní ilé iṣẹ́ ìjọba mìíràn ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ayùn tí ẹ̀rọ ń yí. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ dé, bíi ti Yábàá ní òpin àwọn ọdún 1940 sí i, àti nígbà tí ó yá, kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìkòròdú àti ní Odómọlá nítòsí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn wọ̀nyí fi ń kọ́ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn kápíńtà wa, tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ní gbòǹgbò nínú Pópó Àgùdà, fi ń sọ pé sikúwéà, máítà àti géèjì. Máítà ni orí igi méjì tí a gé ní ìdábùú kí wọ́n lè pàdé ní igun láìfi ojú igi hàn níta. Géèjì ni irin atọ́nà tí ń rìn nínú kòtò ojú tábìlì ayùn, tí ó ní orí bí ìlàjì òṣùpá, tí a kọ díígírì sí lára, tí a sì ń yí sí iye tí a bá fẹ́ gé.

Nọ́ńbà kì í ṣe ẹ̀rí

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ bàbá Ìtamaga ti ta kókó. Lẹ́yìn tí ó tún férémù mi ṣe, mo bi í léèrè bí ó ṣe ń mọ̀ pé géèjì òun péye. Ó fi ìka kan ojú irin náà níbi tí a kọ 45 sí. Ó ní, “Èyí jẹ́ ohun tí wọ́n kọ. Èmi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ọ́.” Òpìtàn ni ó yẹ kí ó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlà tí a fín sí ara irin nípọn, ojú ẹni sì lè yẹ̀ nínú ìpọ́n náà. Irin a máa jẹ nínú kòtò tí ó ń rìn, ìdè rẹ̀ a sì máa tú díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá fi ìdajì díígírì péré yẹ̀, lórí pákó tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, àṣìṣe náà yóò ju mìlímítà méjì àbọ̀ lọ. Nítorí náà, nọ́ńbà ara géèjì jẹ́ ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.

Ọ̀nà ìwádìí náà pọ̀. Mo ka mẹ́rin sílẹ̀ níhìn-ín bí mo ti rí i.

Èkínní ni dídojú pákó dé. Kí a tó wá 45, a gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá 90 dúró. A ó yí géèjì sí òdo tàbí 90, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sí ara rẹ̀, a ó sì gé pákó tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì gún sí méjì. A ó wá dojú ọ̀kan dé, a ó fi ẹ̀gbẹ́ àwọn méjèèjì ti igi gígún kan, a ó sì fi orí tí a gé kan orí. Bí ojú gígé náà bá péye, wọn yóò pa dé bí ètè. Bí ó bá yẹ̀, àlàfo tí a óò rí yóò jẹ́ ìlọ́po méjì àṣìṣe náà. Ohun tí ó fara pamọ́ tẹ́lẹ̀ ti di ńlá.

Èkejì ni gígé márùn-ún. Pákó onígun mẹ́rin kan ni a ó mú. A ó gé ẹ̀gbẹ́ kan, a ó yí ẹ̀gbẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé náà sí ara géèjì, a ó gé èkejì, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa yí i lọ títí tí a óò fi padà sí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́, tí a óò sì gé e lẹ́ẹ̀kejì. Ìrẹ́gi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bá já bọ́ nígbà karùn-ún ni ẹ̀rí wà. A ó wọn ìbú rẹ̀ ní orí méjèèjì. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, géèjì péye. Bí wọ́n bá yàtọ̀, a ó fi mẹ́rin pín ìyàtọ̀ náà, nítorí pé àṣìṣe ti di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ìrẹ́gi náà bá gùn ní mìlímítà 400, tí ìyàtọ̀ orí rẹ̀ sì jẹ́ méjì, ìdajì mìlímítà ni géèjì fi yẹ̀ lórí gbogbo gígùn náà. Iye yẹn kò tó ìdámẹ́wàá díígírì kan. Ojú lásán kò lè rí i.

Ẹ̀kẹta ni rúlà àti ìṣirò onígun mẹ́ta. Bí a bá wọn íǹṣì 12 lọ sí ìhà kan láti igun sikúwéà, tí a tún wọn 12 sí ìhà kejì, tí a sì fa ìlà pa wọ́n pọ̀, 45 ni ìlà náà yóò fún wa. Bí a bá wọn 12 àti 7 ó dín díẹ̀, ọgbọ̀n díígírì ni. Bí a bá wọn 12 àti 5, a ti súnmọ́ 22 àbọ̀, èyí tí a fi ń ṣe ohun onígun mẹ́jọ. Bí orílẹ̀-èdè wa tilẹ̀ ti yí sí mítà ní àwọn ọdún 1970, íǹṣì ṣì wà lẹ́nu àwọn kápíńtà. Kò sì pa ìṣirò yìí lára, nítorí pé bí ìhà kan ti rí sí èkejì nìkan ni igun mọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni kíká ìwé, òun ni bàbá náà sì fẹ́ràn jù. Ó ya bébà kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, ó ká a láti igun dé igun, 45 ti dé. Ó tún un ká lẹ́ẹ̀kan sí i, 22 àbọ̀ ti dé. Kò sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀. Etí kan bá etí kejì wí gẹ́gẹ́ bí aṣọ àwọn aládìrẹ. Ó gbé bébà náà sí àárín géèjì àti abẹ ayùn, ó sì tún irin rẹ̀ ṣe títí kò fi sí ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gba àárín wọn kọjá. Mo bi í léèrè ẹni tí ó kọ́ ọ. Ó ní ọ̀gá òun ní Èkó ni, ọ̀gá ọ̀gá òun ni ó sì kọ́ ìyẹn.

Ó tún kọ́ mi ní ohun kan tí kò yẹ kí n gbàgbé. Kì í ṣe gbogbo igun tí ó bá yanu ni ẹ̀bi géèjì. Bí a bá fi igi tútù ṣe férémù, igi náà yóò fún ní ìbú rẹ̀ nígbà tí ó bá gbẹ, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kò ní yí padà tó bẹ́ẹ̀. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò wá ṣí ní ìhà inú bákan náà. Ẹni tí ó bá rí èyí kí ó má ṣe fi ọwọ́ kan géèjì rẹ̀, igi ni kí ó lọ sá sí oòrùn. Ṣùgbọ́n bí mẹ́ta bá pa dé tí ọ̀kan sì yanu láti ọjọ́ tí a ti kàn án, gígé ni ó ṣìnà. Lọ́nà yìí, àlàfo fúnra rẹ̀ a máa sọ ìtàn bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ẹni tí ó bá lè kà á.

Ìwé tí a ń wó lulẹ̀

Mo padà sí ìbéèrè mẹ́ta tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tí ó ti oko ẹrú bọ̀ ni igun onímáítà ti dé ọwọ́ wa jù lọ. Ojú ọ̀sà ni ó gbà dé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ohun tí ó sì mú un dúró láìyẹ̀ ni àṣà dídán nǹkan wò tí ọ̀gá fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ lè yí padà. Láti ọwọ́ ayùn aláfọwọ́fà dé ayùn oníná, nọ́ńbà tí a kọ sí ara irin ń mọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ọmọ iṣẹ́ bá gba géèjì láìgba ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e, ohun èlò ni ó gbà, iṣẹ́ kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀. N kò sọ èyí láti bẹnu àtẹ́ lu ẹ̀rọ. Bàbá Ìtamaga fúnra rẹ̀ kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni gba ayùn oníná lọ́wọ́ òun.

Ohun tí ó yẹ kí ó kan àwa tí a wà ní ilé ìwé ni pé ẹ̀rí ìtàn yìí ń parẹ́ lójú wa. Àwọn kápíńtà àtijọ́ kò kọ ìwé. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé wọn ni ìwé wọn. Ilé Ìlọ́jọ̀ tí ó wà ní Tinúbu ní Èkó, tí a kọ́ ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún fún ìdílé Fernandez, jẹ́ ọ̀kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, a wó o lulẹ̀. Ọjọ́ tí ó wó, igun tí ẹnì kan ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán wò ní ọ̀rúndún kan àbọ̀ sẹ́yìn di igi ìdáná. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ilé tí òfin dáàbò bò ní àárín Èkó, kí ni a óò sọ nípa àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí kò ní olùgbèjà ní Ìkòròdú, Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́?

Nítorí náà, mo bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa àti àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gbogbo pé kí a má ṣe dúró de ọjọ́ tí katakata yóò dé. Ẹni tí ó bá lọ sí ìlú rẹ̀ ní àkókò ìsinmi, kí ó mú rúlà àti bébà dání. Kí ó wọn ilẹ̀kùn àtijọ́, kí ó ya igun rẹ̀ sílẹ̀, kí ó bèèrè orúkọ ẹni tí ó kàn án àti orúkọ ọ̀gá ẹni náà. Kí ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kápíńtà, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò sílẹ̀ bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ìbáà jẹ́ Yorùbá tàbí àyálò. Àwọn olùkọ́ ìṣirò pẹ̀lú lè fi férémù onígun mẹ́rin kọ́ ọmọ ní ohun tí pátákó kò lè kọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀.

Férémù mi wà lára ògiri báyìí. Àwòrán bàbá mi ni ó wà nínú rẹ̀. Ọyẹ́ kan ti dé, ó sì ti kọjá. Mo máa ń wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tí ó ní ohun kankan láti jẹ́wọ́.